Pòròpórò Oko àti Àwọn Tí Ń Jẹ Ẹ́ Nínú Ilẹ̀

Bí àgbàdo bá ti wọ àká, tí ìrẹsì sì ti wọ àpò, nǹkan bí ìdajì ohun tí oko mú jáde ṣì wà lórí oko. Pòròpórò tó ṣẹ́ kù máa ń tó ọkà tí wọ́n kó lọ ní ìwọ̀n, nígbà mìíràn ó máa ń jù ú lọ. Oúnjẹ tí ọ̀gbìn náà fà láti inú ilẹ̀ kò sì tíì kúrò lára rẹ̀ tán. Nínú ìrẹsì, bíi ìdá 40 nínú 100 náítírójìn tí ọ̀gbìn fà ni ó wà nínú pòròpórò lásìkò ìkórè, potásíọ̀mù tó wà níbẹ̀ sì lé ní ìdá 80 nínú 100. Àgbẹ̀ tó bá dáná sun ún, náítírójìn náà á bá èéfín lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti ìdá 20 nínú 100 potásíọ̀mù á tẹ̀ lé e. Àgbẹ̀ tí kò sun ún fi í lé àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí lọ́wọ́, àwọn ẹ̀dá yìí sì ní ìlànà tiwọn.

Nǹkan mẹ́ta ni ó pọ̀ jù nínú pòròpórò gbígbẹ. Sẹ́lúlóòsì ni ó ṣáájú, ìdá 35 sí 40 nínú 100. Òun kan náà ni òwú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀. Anselme Payen, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀, ní 1838. Ṣúgà tí wọ́n ń pè ní glúkóòsì ni ó tò tẹ̀ léra wọn nínú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí okùn kan bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọn okùn náà sì lẹ̀ mọ́ra pinpin débi pé omi kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ àárín wọn. Hẹmisẹ́lúlóòsì ló tẹ̀ lé e, ìdá 20 sí 30. Ìsopọ̀ tirẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó máa ń tètè tú. Ẹ̀kẹta ni lígínìn, ìdá 10 sí 20, èyí tó ń mú kí igi àti pòròpórò dúró gbọn-in. Lígínìn kì í ṣe ṣúgà rárá, ó sì bo sẹ́lúlóòsì mọ́lẹ̀ káàkiri, kí ẹnu má bàa tètè kàn án. Ìrẹsì tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: sílíkà inú pòròpórò rẹ̀ máa ń tó ìdá 10 nínú 100, ìdí nìyẹn tí ó fi ń mú kí ojú dòjé tètè kújú, tí màlúù kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbádùn rẹ̀.

Bakitéríà kò ní ẹnu tàbí eyín tí yóò fi jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Okùn sẹ́lúlóòsì kan gùn ju ohun tí ó lè gba ara rẹ̀ kọjá lọ fíìfíì. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń tu ẹ́ńsáìmù síta, ẹ́ńsáìmù náà yóò sì gé oúnjẹ wẹ́wẹ́ níta kí ó tó wọlé. Irú mẹ́ta ni ó ń fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ń gé okùn sẹ́lúlóòsì láàárín, ibikíbi tó bá ti rí àyè. Èkejì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn tí ìyẹn gé, ó ń já ṣúgà méjì-méjì bọ́. Ẹ̀kẹta ń pín méjì náà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dínkù, iṣẹ́ àwọn yòókù á fà. Ìṣòro mìíràn wà níbẹ̀: nígbà tó jẹ́ pé ìta ni ṣúgà ti ń bọ́, kì í ṣe ẹni tó ṣe iṣẹ́ gígé nìkan ni yóò jẹ ẹ́. Àwọn bakitéríà tí kò mọ sẹ́lúlóòsì í gé rárá pọ̀ nínú ilẹ̀, wọ́n a sì máa dúró sẹ́bàá ibi iṣẹ́ láti gbé èyí tó bá bọ́.

Nítorí èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ gidi nínú wọn fi wá ọgbọ́n dá. Cytophaga hutchinsonii máa ń lẹ̀ mọ́ okùn sẹ́lúlóòsì tímọ́tímọ́, a sì máa fà lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń jẹ ẹ́, tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ni ṣúgà tó ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Clostridium thermocellum, tó fẹ́ràn ibi gbígbóná tí atẹ́gùn kò dé, kó àwọn ẹ́ńsáìmù rẹ̀ jọ sójú kan lára òde ara rẹ̀, gbogbo wọn a sì jọ máa gé pa pọ̀. Edward Bayer àti Raphael Lamed ni wọ́n ṣàlàyé ètò yìí ní Ísírẹ́lì ní 1983. Cellulomonas àti oríṣiríṣi Bacillus wà nínú ilẹ̀ oko kárí ayé. Streptomyces wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tó ń ta okùn tín-ín-rín wọ inú pòròpórò. Òórùn tí ilẹ̀ máa ń gbé jáde nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kàn án, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, nítorí náà kò sí ọmọ àgbẹ̀ tí kò tíì mọ̀ wọ́n, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn.

Ìwà òtítọ́ ni láti sọ pé bakitéríà kò dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹbí olú ni ó lágbára jù lórí lígínìn. Streptomyces àti Rhodococcus lè bá lígínìn jà díẹ̀, ṣùgbọ́n olú tó ń mú igi jẹrà di funfun ni ó lè tú u palẹ̀. Ibi tí pòròpórò wà ni ó sábà máa ń pinnu ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Èyí tó wà lókè ilẹ̀, tó ń gbẹ tó tún ń tutù, ti olú ni, nítorí olú lè na okùn rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ fa omi àti náítírójìn wá. Èyí tí wọ́n bò mọ́ inú ilẹ̀ tútù, ti bakitéríà ni ní púpọ̀. Ilẹ̀ tó kan púpọ̀ náà máa ń gbè sẹ́yìn olú. Bakitéríà fẹ́ ilẹ̀ tí kò kan, eérú díẹ̀ tí wọ́n dà sórí oko sì máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Bí bakitéríà ṣe ń fi ara ti ara hàn gbangba nínú iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ṣe ní Tokyo. Ní 2002, wọ́n kéde àkójọ bakitéríà kan tí wọ́n sọ ní MC1, tó lè jẹ ohun tó lé ní ìdá 60 nínú 100 pòròpórò ìrẹsì láàárín ọjọ́ mẹ́rin bí ooru bá tó ìwọ̀n 50. Nígbà tí wọ́n tú àkójọ náà wò, ẹni tó ń gé sẹ́lúlóòsì jù níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀dá tí kì í lo atẹ́gùn ọ́síjìn, tí kò sì fẹ́ kí ó pọ̀, Clostridium straminisolvens. Bẹ́ẹ̀ inú ìgò tí atẹ́gùn ń wọ̀ ni ó wà. Àwọn bakitéríà mìíràn tí kò lè gé sẹ́lúlóòsì ni ó ń fa ọ́síjìn tán ní àyíká rẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹ ohun tí ì bá dá a lọ́wọ́ dúró bó bá pọ̀ jù. Àwọn tó dà bí olè lókè yìí ni ó di olùṣọ́ níbí. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé bakitéríà kan ṣoṣo tó lágbára ni òun yóò wá, kí òun sì rọ ọ́ sínú ìgò, yẹ kí ó ronú sí ohun tí iṣẹ́ yìí fi hàn.

Àìtó náítírójìn ni ó sábà máa ń dá iṣẹ́ dúró. Nínú ara bakitéríà, kábọ́ọ̀nù tó bíi ìlọ́po 8 náítírójìn. Nínú gbogbo kábọ́ọ̀nù tí ó bá jẹ, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó ń fi mọ ara rẹ̀. Ìyókù ń bá èémí jáde. Nítorí náà oúnjẹ tó bá a mu ni èyí tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò ju bíi ìlọ́po 24 náítírójìn lọ. Ewé ẹ̀wà àti ewé yèrèpè súnmọ́ ibẹ̀. Pòròpórò àgbàdo wà ní bíi ìlọ́po 60, ti àlìkámà sì tó 80. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí bakitéríà bá dojú kọ pòròpórò, náítírójìn inú oúnjẹ náà kò ní í tó o, yóò sì wá èyí tó kù lọ sínú ilẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀gbìn ti ń wá tirẹ̀, bakitéríà sì yára jù ú lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú oko kò ṣàjèjì. Àgbẹ̀ túlẹ̀ bo pòròpórò púpọ̀ mọ́lẹ̀, ó gbin àgbàdo ní ọ̀sẹ̀ kejì, àgbàdo hù dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó ti ń ga sí i ni ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n. Wọ́n a ní ilẹ̀ ti ṣá. Ilẹ̀ kò ṣá. Bakitéríà ni ó yá náítírójìn rẹ̀. Bí oúnjẹ bá tán, tí àwọn bakitéríà wọ̀nyí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, náítírójìn náà yóò padà sínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ ju bí àgbàdo ṣe lè dúró dè é lọ.

Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Harpenden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí wọ́n fi ìwọ̀n gbé kalẹ̀. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn kò tó fún oko, pòròpórò àlìkámà sì pọ̀ tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ méjì, Hutchinson àti Clayton, yẹ bakitéríà tó ń jẹ sẹ́lúlóòsì wò, wọ́n sì ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1919. Orúkọ Cytophaga hutchinsonii wà títí dòní ní ìrántí Hutchinson. Ní 1921, Hutchinson àti Richards fi hàn pé pòròpórò lásán, láìsí màlúù níbẹ̀ rárá, lè di ohun tó jọ ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn tó ti jẹrà, bí wọ́n bá ti rin ín dáadáa, tí wọ́n sì fún un ní náítírójìn tó wọ̀n. Ìwọ̀n tí wọ́n rí ni bíi kìlógíráàmù 7 náítírójìn fún tọ́ọ̀nù pòròpórò kan. Èyí tí wọ́n bá fi kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń fò lọ ni.

Ìṣirò orí ìwé máa ń mú iye tó ju ti Rothamsted wá. Tọ́ọ̀nù pòròpórò àlìkámà kan ní bíi kìlógíráàmù 400 kábọ́ọ̀nù àti kìlógíráàmù 5 náítírójìn. Bí gbogbo rẹ̀ bá fẹ́ wọ ìlọ́po 24, kìlógíráàmù 11 sí 12 ni yóò fi kù. Ìdí tí oko kò fi béèrè tó bẹ́ẹ̀ ni pé bakitéríà kì í jẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lígínìn àti sẹ́lúlóòsì tó farapamọ́ sábẹ́ rẹ̀ ń sún síwájú, náítírójìn tí àwọn tó kọ́kọ́ kú sì tú sílẹ̀ ni àwọn tó dé lẹ́yìn ń lò. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré lójú ẹni tó ń fi owó ra yúríà. Yúríà ní náítírójìn ìdá 46 nínú 100, nítorí náà kìlógíráàmù 15 ni ó ń gbé kìlógíráàmù 7 náítírójìn wá, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi dà 25.

Ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe láti inú ìmọ̀ yìí di ohun títà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórúkọ ADCO. Onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Albert Howard kò fẹ́ràn irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀. Ní Indore, ní àárín gbùngbùn Íńdíà, láàárín 1924 sí 1931, òun àti Yeshwant Wad gbé ètò kan kalẹ̀ tí kò ní ohun tí wọ́n rà nínú: pòròpórò, koríko, bọ́tọ́ màlúù, ilẹ̀ tí ìtọ̀ màlúù ti rin, àti eérú igi, tí wọ́n tò léra wọn, tí wọ́n sì ń yí padà títí bíi oṣù mẹ́ta. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1931. Bí a bá yọ ìjà àwọn tó gba ti ajílẹ̀ ilé-iṣẹ́ àti àwọn tó kọ̀ ọ́ kúrò, nǹkan kan náà ni Howard àti Hutchinson ṣe. Bakitéríà kì í béèrè ibi tí náítírójìn ti wá. Bọ́tọ́ kàn ní àǹfààní pé ó ń tú náítírójìn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé ó sì ń gbé omi àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú.

Àkìtàn tó bá tóbi tó máa ń gbóná fúnra rẹ̀, nítorí ooru ara àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ kò rí ibi gbà jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lè tó ìwọ̀n 55 sí 65, bakitéríà mìíràn tó fẹ́ràn ooru á sì gba iṣẹ́ náà. Ooru yìí ń pa èso koríko àti ọ̀pọ̀ àrùn ọ̀gbìn. Bí ó bá kọjá 70, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, iṣẹ́ á sì fà. Nígbà náà ni ó yẹ kí wọ́n yí i padà.

Pòròpórò tó wà nínú oko kò ní irú ooru bẹ́ẹ̀. Ojú ọjọ́ ni ó ń pinnu bí yóò ṣe yára tó. Ìwádìí kan tó so Rothamsted mọ́ Ìbàdàn fi èyí hàn kedere. David Jenkinson àti A. Ayanaba gbin koríko kan sínú atẹ́gùn tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù 14 sàmì sí, kí wọ́n lè mọ kábọ́ọ̀nù tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilẹ̀. Wọ́n bò ó mọ́ ilẹ̀ ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ wé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1977 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: ọ̀nà kan náà ni koríko náà gbà jẹrà níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n ti Ìbàdàn yá ní ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó ń gba ọdún kan ní Harpenden ń gba oṣù mẹ́ta ní Ìbàdàn.

Ibi tí iyàn wà nínú ọ̀rọ̀ pòròpórò fún ilẹ̀ Yorùbá nìyí, ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ òtútù kì í sì í kà á sí. Ní Heilongjiang ní àríwá Ṣáínà, níbi tí ilẹ̀ ti ń dì bíi òkúta fún oṣù bíi mélòó kan, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni láti mú kí pòròpórò yára jẹrà. Ní Ìbàdàn tàbí Ìṣẹ́yìn, bí òjò bá ti dé, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó ń tètè tán, ilẹ̀ a sì tún hàn gbangba sí oòrùn àti ọ̀gbàrá. Nítorí náà àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń rí èrè jù bó bá fi pòròpórò sílẹ̀ lókè, kó fọ́n ká, kó sì gbin àgbàdo láàárín rẹ̀. Yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó jẹrà, náítírójìn tí bakitéríà ń yá kò sì ní í pọ̀ nítorí ojú ilẹ̀ nìkan ni ó ti ń kan ilẹ̀. Bíbò mọ́lẹ̀ dára fún ebè ewébẹ̀, fún ilẹ̀ pẹrẹsẹ, àti fún ìgbà tí àgbẹ̀ fẹ́ tètè gbin nǹkan mìíràn.

Omi àti atẹ́gùn gbọ́dọ̀ wà papọ̀. Bakitéríà tó ń lo atẹ́gùn máa ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí omi bá gba nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 àwọn ihò inú ilẹ̀, tí atẹ́gùn sì gba ìyókù. Pòròpórò tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá lè wà bẹ́ẹ̀ títí òjò yóò fi dé, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ní oko ìrẹsì tó kún fún omi, ìdàkejì ni. Níbẹ̀, atẹ́gùn á tán láàárín ọjọ́ díẹ̀, jíjẹrà á falẹ̀, ásíìdì tó lè ba gbòǹgbò ìrẹsì kékeré jẹ́ á jọ, àwọn ẹ̀dá mìíràn á sì sọ ìyókù di míténì, gáàsì tó ń mú ayé gbóná ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì lọ fíìfíì. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó: kí wọ́n bo pòròpórò mọ́lẹ̀ nígbà tí oko ṣì gbẹ, ó kéré tán oṣù kan kí omi tó wọ̀ ọ́. Míténì tí pòròpórò bẹ́ẹ̀ ń mú jáde kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí ó ń mú jáde bí wọ́n bá bò ó nígbà tí omi fẹ́ wọlé.

Punjab àti Haryana, ní àríwá Íńdíà, ni ibi tí gbogbo ìṣòro yìí ti pàdé. Ìrẹsì àti àlìkámà ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn lórí oko kan náà lọ́dọọdún. Ní 2009, ìjọba Punjab ṣe òfin láti dá omi abẹ́ ilẹ̀ sí, òfin náà sì sún ìgbà lílọ́ ìrẹsì wọ inú oṣù Kẹfà. Ìkórè náà sún síwájú. Àlìkámà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó lọ jìnnà, nítorí náà àyè tó wà láàárín méjèèjì kò ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ̀rọ ìkórè sì ń fi pòròpórò gígùn sílẹ̀ lórí oko. Ìṣáná ni ó yá jù, èéfín rẹ̀ ni ó sì ń dà bo Delhi ní oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Pusa ní Delhi ṣe oògùn kan fún un. Kápúsù mẹ́rin, tí wọ́n fi ṣúgà ìrèké dúdú àti ìyẹ̀fun ẹ̀wà pọn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, yóò di lítà 25, wọ́n á sì fọ́n ọn sórí hẹ́kítà kan. Ìjọba Delhi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn káàkiri ní 2020. Àwọn ìròyìn kan pè é ní bakitéríà, ṣùgbọ́n ẹbí olú ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé nǹkan bí ọjọ́ 25 ni ó ń gbà, pòròpórò sì gbọ́dọ̀ tutù, kí wọ́n sì yí i mọ́ ilẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò ní ju ọjọ́ 20 lọ, tí omi rẹ̀ sì gbówó lórí, kò lè fi kápúsù ra ọjọ́ tí kò sí. Ẹ̀rọ tó ń gbin àlìkámà gba àárín pòròpórò kọjá láìtú u, èyí tí wọ́n ń pè ní Happy Seeder, bá ìṣòro Punjab mu ju ohunkóhun tí ń mú pòròpórò jẹrà lọ.

Ìgò bakitéríà tí wọ́n ń tà fún pòròpórò ti wọ ọjà báyìí, pẹ̀lú àwòrán oko tútù lára rẹ̀. Ìdájọ́ ẹni tó ti lò wọ́n pẹ́ kò lè dùn mọ́ oníṣòwò. Gíráàmù ilẹ̀ kan ṣoṣo, tí kò tó èyí tó máa lẹ̀ mọ́ ojú ọkọ́, ní bakitéríà tó tó 100 mílíọ̀nù sí bílíọ̀nù kan nínú. Àjèjì tí wọ́n dà sí àárín wọn yóò bá onílé pàdé, onílé sì ti mọ ojú ọjọ́ ibẹ̀, ó mọ ásíìdì ibẹ̀, ó sì pọ̀ jù ú lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko, ọ̀pọ̀ àjèjì náà á ti kú láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ibi tí ìgò ti wúlò ni àkìtàn tuntun tí kò ní ilẹ̀ nínú, ilẹ̀ tí kẹ́míkà ti bà jẹ́, àti ibi òtútù tí àwọn onílé ń sùn. Ṣáínà ń ṣe iṣẹ́ gidi lórí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù. Lórí oko àgbàdo ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògùn, ọkọ́ kan tó kún fún erùpẹ̀ láti abẹ́ igbó tàbí láti inú àkìtàn tó ti jẹrà sábà máa ń ní irú bakitéríà tí ìgò ní, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ìgò kò ní. Nígbà tí ìgò bá sì ṣiṣẹ́, ó yẹ kí wọ́n wò ó bóyá kì í ṣe omi tí wọ́n fi pò ó àti ṣúgà tí wọ́n fi sí i ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ohun tó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ láti ṣe kò pọ̀. Kí pòròpórò kúrú: èyí tí wọ́n fi àdá gé sí ìka ọwọ́ kan tàbí méjì, tàbí tí ẹ̀rọ gé wẹ́wẹ́, ń fi inú rẹ̀ hàn sí bakitéríà, nítorí èèpo òde ni ó ní ìdà tí omi kì í wọ̀. Kí ó kan ilẹ̀: pípò mọ́ ilẹ̀ tí kò jìn, bíi ìwọ̀n ojú ọkọ́, dára ju kí katakata kó gbogbo rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ jíjìn níbi tí atẹ́gùn kò dé. Kí náítírójìn wà níbẹ̀, yálà yúríà tí wọ́n wọ̀n bí wọ́n ti sọ lókè, tàbí ìgbẹ́ adìyẹ, èyí tí oko adìyẹ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sábà máa ń wá ibi tí yóò dà á sí. Kí ó rin, kí ó má sì rì.

Àyè tó wà láàárín àgbàdo àkọ́kọ́, tí wọ́n ń ká ní oṣù Keje àti Kẹjọ, àti èyí tí wọ́n ń gbìn fún ìgbà kejì kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Ilẹ̀ gbóná, omi wà. Bí pòròpórò bá kúrú, tí náítírójìn sì tó, hẹmisẹ́lúlóòsì àti apá kan sẹ́lúlóòsì á ti lọ kí àgbàdo kejì tó béèrè oúnjẹ gidi. Ohun tó kù nígbà náà kò ní í dí ọkọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá bakitéríà ilẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́, tí kò gba ẹ̀rọ. Wọ́n á gé aṣọ òwú funfun, tí kò ní rọ́bà tàbí okùn náílọ́ọ̀nù nínú, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á rì í mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tútù bí ojú ọkọ́ kan, wọ́n á sì wú u jáde lẹ́yìn oṣù kan àbọ̀ tàbí méjì. Nígbà tó jẹ́ pé sẹ́lúlóòsì ni òwú, ohun tó bá dínkù lára aṣọ ni ìwọ̀n iṣẹ́ wọn. Bí ó bá jáde bó ṣe wọlé, kí àgbẹ̀ wo omi, náítírójìn tàbí kíkan ilẹ̀ náà kó tó ronú sí ìgò kankan.

Kì í ṣe gbogbo pòròpórò ni ó yẹ kí ó wà lórí oko. Èyí tí àrùn kọlù gidigidi, tàbí tí kòkòrò tí ń gún àgbàdo ń sùn nínú rẹ̀, yẹ kí ó lọ sínú àkìtàn gbígbóná. Níbi tí ikán pọ̀, bíi Òkè-Ògùn, wọ́n lè kó pòròpórò orí ilẹ̀ lọ kí bakitéríà tó dé, wọn a sì kó o wọ inú ọ̀gán, níbi tí àwọn kan nínú wọn ti ń fi gbin olú tiwọn. Oúnjẹ oko náà á wá jọ sójú kan. Àwọn darandaran náà ń bẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀ẹ̀rùn, bí màlúù bá sì jẹ ẹ́ tí ó fi bọ́tọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, bakitéríà inú ikùn rẹ̀ ti ṣe apá kan iṣẹ́ náà.

Èyí tí kò sí ẹni tí yóò kó o lọ, tí náítírójìn sì ṣòro láti rà, ẹ̀wà ni ó yẹ kí wọ́n gbìn tẹ̀ lé e lórí oko náà, kì í ṣe àgbàdo. Ẹ̀wà ń fa náítírójìn tirẹ̀ láti inú atẹ́gùn nípasẹ̀ bakitéríà mìíràn tó ń gbé inú kókó gbòǹgbò rẹ̀, nítorí náà èyí tí àwọn tó ń jẹ pòròpórò yá láti inú ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á lára, nígbà tí àgbàdo yóò bá sì fi padà sórí oko náà ní ọdún kejì, wọ́n á ti san púpọ̀ nínú gbèsè wọn.